Bí Láṣèbìkan Ṣe Gba Iṣẹ́ Afárá Ìlú Gbangba

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ dúró nítorí pé ẹní kò kárí, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó fi ojú ka ìtàn yìí nínú ìwé, tí ẹ kò sí níhìn-ín láti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, mo kí ẹ̀yin náà, ẹ kú ìfẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹni tó pa mí mọ́ nínú igbó fún àádọ́ta ọdún, tí ẹfọ̀n kò kàn mí pa, tí ejò kò bù mí ṣán, tí ìbọn mi kò sì yìn sí mi lára. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ wọ igbó ni kò bá wa jáde. Ọpẹ́ mi kò lè tó, ṣùgbọ́n èyí tí mo ní ni mo mú wá síwájú rẹ̀.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ara mi. Bí ó bá jẹ́ ti ara mi ni, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kò ní í tètè lọ sílé. Èmi ni mo fi ọfà kan ṣoṣo pa ẹtu méjì! Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kí ó dìde kí a jọ lọ igbó. Kò sí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ti ọ̀gá mi ni mo fẹ́ sọ, Láṣèbìkan, ọmọ abà Ìdí-Àràbà, ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣọdẹ tó sì ń fi ọwọ́ òsì ṣe afárá. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Láṣèbìkan ní ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlá. Bí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí bá gbé igi apá sínú odò, tí wọ́n so ó lókùn, odò náà yóò ṣàn títí yóò fi sú u, igi kò ní í mì. Ṣùgbọ́n òjò kẹta nìyí tí ìlú kankan kò pè wọ́n síṣẹ́. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Bámgbàlà, tó mọ okùn í so ju gbogbo wọn lọ, dé sí àgbàlá ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, àwọn mẹ́wàá yòókù sì tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá," Bámgbàlà wí, "ẹ má bínú sí wa o. A kì í tìtorí pé a fẹ́ràn ọ̀gá ẹni ká fi ebi pa ọmọ ẹni. Wọ́n ń wá alágbàro ní ìlú òkèèrè, a sì ti fi ẹnu kò."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa. Okùn tí ẹ kọ́ wa í so, a ó máa fi so ewúrẹ́ lọ́hùn-ún."

Bí àwọn mọ́kànlá yìí bá lọ, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ kú nìyẹn, ìdajì abà sì ti di ahoro. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí.

"Bámgbàlà, ìwọ tó jẹ́ pé iyán ilé yìí ló mú ikùn rẹ yọ bí ti aboyún! Gbé ẹrù yẹn sọ̀ ná. Baálé mi, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Omi ti gbé afárá Ìlú Gbangba lọ. Obìnrin tó ra ẹ̀gúsí lọ́wọ́ mi ló sọ ọ́."

Ìlú Gbangba, ìlú iwin ni. Igbó tó wà láàárín rẹ̀ àti Ìdí-Àràbà, ọdẹ mẹ́ta ló wọ̀ ọ́ nígbà ayé bàbá mi, ọ̀kan ló jáde, òun náà kò sì lè ka oókan sí èjì mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn iwin náà létò ju ènìyàn lọ. Wọn kì í gbé iṣẹ́ ìlú fún ẹnikẹ́ni níkọ̀kọ̀. Wọ́n á kéde rẹ̀, wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá lè ṣe é, wọ́n á sì ṣí i lójú oòrùn.

Láṣèbìkan gbé ìbọn rẹ̀. "Ẹ fún mi di ìgbà iṣu tuntun," ó wí. "Bí mo bá dé lọ́wọ́ òfo, èmi fúnra mi ni n ó bá yín gbé ẹrù yín dé ẹ̀bá ọ̀nà."

"A gbà," Bámgbàlà wí. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iṣu tuntun bá kan ẹnu wa, ọ̀gá, ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ wa yóò kan ọ̀nà."

Àwẹ̀ró di àádùn fún un, ó gbàdúrà lé e lórí, ọkùnrin náà sì wọ igbó lọ.

N kò ní í fi ìrìn ọjọ́ méje dá yín lágara. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó dé oríta kan, ó sì bá iwin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Wọ́n-Ní. Iwin yìí ní ẹnu méje, kò sì ní etí kan ṣoṣo. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń lọ sí Ìlú Gbangba jókòó yí i ká bí eéṣú, mọlémọlé, gbẹ́nàgbẹ́nà, alágbẹ̀dẹ. Irùngbọ̀n wọn ti kan ilẹ̀, koríko sì ti hù láàárín ìka ẹsẹ̀ wọn. Ìròyìn ni wọ́n ń dúró gbọ́.

"Wọ́n ní àna ọba ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ afárá fún," ẹnu kìíní wí.

"Wọ́n ní wọn kì í fún ẹlẹ́ran ara," ẹnu kejì gbà á.

"Wọ́n ní ọjọ́ ti kọjá."

"Wọ́n ní ọjọ́ kò tíì pé."

Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni ìjókòó ń wu Láṣèbìkan. Ó fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, irùngbọ̀n ti ń yọ níbẹ̀! Ó ké pe orúkọ Olúwa rẹ̀, ó sì bi iwin náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n-Ní kò ní etí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn gba inú egungun wọ inú rẹ̀. Ẹnu kìíní pa dé. Láṣèbìkan tún un bi, ẹnu kejì pa dé. Ó bi í lẹ́ẹ̀meje, ẹnu méjèèje pa dé, iwin náà sì rún wọlẹ̀ bí ògiri tí òjò pa. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà dìde, wọ́n gé irùngbọ̀n, oníkálukú sì gba ọ̀nà ilé lọ, ojú ń tì wọ́n. Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ ni a fi ń wá iṣẹ́ ìlú, a kì í fi etí wá a.

Nígbà tí Láṣèbìkan dé ẹnu bodè Gbangba, ó rí ìtì ìrókò kan tí wọ́n bó èèpo rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí ìlú fẹ́ ṣe ni wọ́n kọ sí i lára, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn yóò gba ìwé. Ojú títì ló wà, kò sì sẹ́ni tó ń kà á àfi ewúrẹ́ kan tó ń họ ara mọ́ ọn. Láṣèbìkan dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ọjọ́ ìsinmi tó kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Iṣẹ́ méjì ló bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Èkíní ni afárá pákó kékeré lórí gọ́tà ọjà, ìwé rẹ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ mọ́. Èkejì ni afárá ńlá ti Odò Agbémilọ, ọjọ́ mọ́kànlélógún ló kù. Yàtọ̀ sí iye tí ẹni náà yóò gbà, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báwo ni ìwọ yóò ṣe ṣe é? Ìgbà wo ni ìwọ yóò ṣe é tán? Kí ni o ti ṣe rí, ta ló sì rí i?

Ó fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n aṣọ́bodè dí ọ̀nà. Mú-Wá ni orúkọ iwin yìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí odó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ẹní, kì í sì í pa á dé.

"Ọdẹ, kí lo mú wá?"

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo fẹ́ wọlé kọ orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ni. Ìwé owó orí mi rè é, mi ò jẹ ìlú mi ní nǹkan kan."

"Mo ti rí i. Kí lo mú wá?"

"Ìwé náà ni mo mú wá."

"Ṣé etí rẹ di ni? Mo ní àtẹ́lẹwọ́ ń yún mi!"

"Ẹ fi òrí pa á, bàbá. Á dẹ̀."

Inú bí iwin náà, ó fò mọ́ ọn. Ha! Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní akin, ìbá ṣe pé ẹ wà níbẹ̀! Láti ìyálẹ̀ta títí di ọ̀sán gangan ni wọ́n fi wọ̀yá ìjà. Mú-Wá gbé e sókè, ọdẹ fi ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ bí ológbò. Ó tún gbé e, ó tún fi ẹsẹ̀ lé ilẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Láṣèbìkan fi orí gbá a nínú, ó sì gbé e dá bí ẹni dá àpò ẹ̀pà. Nígbà tó yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ni Láṣèbìkan tó rí ohun tí ìlú kọ sára ògiri tí ẹ̀yìn iwin náà ti bò láti ọjọ́ pípẹ́: "Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé."

Láṣèbìkan wá ronú pé kí òun fi iṣẹ́ kékeré dán ẹsẹ̀ wò. Ó kọ ìwé fún afárá gọ́tà, ó fi sínú igbá, ó fi ìda dí i. Ní ọjọ́ kẹta, ìlú péjọ sí gbàgede. Ẹni tó ń ṣí igbá ni Ìyá Akọ̀wé, iwin àgbà obìnrin tó ní ojú méjìdínlógún. Mẹ́sàn-án ló fi ń kàwé, mẹ́sàn-án ló fi ń ṣọ́ àwọn tó kọ ọ́. Ó ka ti Láṣèbìkan. Iye rẹ̀ ló kéré jù, àwọn èrò sì ń mi orí. Ọdẹ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá náà dé ìbéèrè kẹta, ó yí ìwé náà padà wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kò kọ nǹkan kan síbí," ó wí, ó sì gbé igbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Iwin kan tó ń jẹ́ Ọlọ́wọ́mẹ́rin ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó fi ọwọ́ méjì gba ìwé, ó fi méjì yòókù nàka sí Láṣèbìkan.

"Ọdẹ, padà sídìí ọ̀kẹ́rẹ́! Ta ló sọ fún ọ pé ìtẹ́ ẹyẹ ni afárá?"

Ẹ̀rín gba gbogbo gbàgede. Láṣèbìkan gba ọ̀nà bodè lọ, omi ń lé ròrò lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti fẹ́ jáde, ó ronú kan àwọn mọ́kànlá tí ẹrù wọn wà nílẹ̀ dídì. Ó yí padà, ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Akọ̀wé.

"Ìyá, mi ò wá jà. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí mo ti kù díẹ̀ káàtó ni."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, gbogbo ojú rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. "Igba ọdún ni mo ti wà lórí àga yìí, ọmọ mi. Àwọn tó pàdánù a máa ṣépè, wọ́n a sì ní àna ọba ló gbà á. Ìwọ ni ẹnì kẹrin tó bi mí léèrè. Ṣé o ò tíì ṣe afárá rí ni?"

"Afárá mẹ́tàdínlógún ni mo ti ṣe, ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló dé tó ò fi kọ ọ́?"

"Ọdẹ ni mí. Bàbá mi kọ́ mi pé gbogbo ohun tí ojú ọdẹ bá rí nínú igbó, ọdẹ kì í sọ ọ́. Ìgbà tí àwa bá sì ṣe afárá tán, a kì í dúró gbọ́ ìyìn. A ó ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni."

"Gbọ́ mi dáadáa," ìyá náà wí. "Ohun tí ojú ọdẹ rí, àṣírí ọdẹ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ọdẹ ṣe, ti àwọn tó ń rìn lórí rẹ̀ ni, àwọn náà sì ní ẹnu. Ìlú tó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ máa méfò. Lọ wá àwọn tó mọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Láṣèbìkan lára. Ó mọ̀ ọ́n lọ́kàn pé ìrẹ̀lẹ̀ nìkan kọ́ ló ń mú òun sá. Ìbẹ̀rù pé kí ẹnì kan má wá àléébù sí iṣẹ́ òun wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó kọrí sí Ìlú Afẹ̀yìnrìn. Gbogbo ará ìlú yìí, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rí ibi tí oore ti ń tẹ̀ lé àwọn bọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni Láṣèbìkan ṣe afárá fún wọn. Bó ti sọ orúkọ rẹ̀ fún baálẹ̀ wọn, ọkùnrin náà pariwo.

"Ìwọ ni? Ọdún mẹ́sàn-án la ti ń wá ẹni tí a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! A ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀bọ. A ti dúpẹ́ lọ́wọ́ aláǹtakùn, a fún un lẹ́ran, kò jẹ ẹ́!"

Ìyá arúgbó kan, agbẹ̀bí ìlú náà, já wọ àárín wọn, ó gbá ọdẹ létí, ó sì dì mọ́ ọn. "Olè ni ọ́! Igba ọmọ ó lé ni mo ti gba orí afárá yẹn lọ gbẹ̀bí wọn, nínú ẹ̀kún omi, nínú ìjì. Kò mì rí. O gbé iṣẹ́ rere sílẹ̀, o wá jí ẹnu ọpẹ́ wa gbé lọ!"

Láṣèbìkan tí kò sunkún lẹ́nu ẹkùn, ó sunkún níbẹ̀. Ará ìlú ti àtẹ́lẹwọ́ bọ osùn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun kan, baálẹ̀ sì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rí sábẹ́ rẹ̀. Agbẹ̀bí ní aṣọ nìkan kò tó. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn tẹ̀ lé ọdẹ lọ sí Gbangba.

Wọ́n bá ọjọ́ ìbéèrè pàdé. Kí igbá tó wọlé, Ìyá Akọ̀wé pe gbogbo àwọn tó ń du iṣẹ́ náà sí etí odò. "Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó bi í níbí, kí gbogbo yín jọ gbọ́ ìdáhùn."

Oníkálukú ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn bí òpè. Láṣèbìkan gbé ọwọ́ sókè.

"Ta ni yóò máa gba orí afárá náà kọjá?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹlẹ́sẹ̀ ni!" Ọlọ́wọ́mẹ́rin kígbe. "Àbí ṣé ìyẹ́ lo rò pé wọn ó fi kọjá?"

"Ogójì erin," Ìyá Akọ̀wé dáhùn. "Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ru iyọ̀ wọ ìlú yìí. Kì í ṣe omi nìkan ló wó afárá àná."

Ẹ̀rín dá. Láṣèbìkan sọ fún Ọlọ́wọ́mẹ́rin pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ pé, "Ọ̀rẹ́, bóyá kí á tún ìwé wa kọ." Ṣùgbọ́n iwin náà yọ ṣùtì. "Mo ti dí igbá mi. Ọlọ́wọ́ mẹ́rin kì í ṣe iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Láṣèbìkan jókòó ti ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ó kọ igi apá ní méjì-méjì níbi tí ì bá ti kọ ọ̀kan. Ó kọ oṣù tí iyọ̀ máa ń dé, ó sì fi ọjọ́ ìparí iṣẹ́ ṣíwájú rẹ̀. Ó kọ afárá mẹ́tàdínlógún, ó so aṣọ ẹ̀rí mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́kànlá àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n ṣe, Bámgbàlà ló sì fi ṣáájú. Ó gbé igbá náà sílẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Iwin méjì tó pẹ́ bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n kan án títí, kò ṣí.

Ọjọ́ ìṣígbá pé. Ìyá Akọ̀wé ka ti Ọlọ́wọ́mẹ́rin. Iye rẹ̀ kéré, ó dùn ún gbọ́. "Ṣùgbọ́n afárá ewúrẹ́ nìyí," ìyá náà wí. "Ẹsẹ̀ erin kan ni yóò gbà." Ó ka ti òmíràn. Iye rẹ̀ wúwo ju àpò ìlú lọ. Ó wá ka ti Láṣèbìkan láti òkè délẹ̀, kò sì rí ìbéèrè kan tí kò ní ìdáhùn.

"Ẹlẹ́rìí dà?"

Agbẹ̀bí jáde, ó kọ ẹ̀yìn sí ìgbìmọ̀, ó kọjú sí ògiri. "Ìyá, àwa rè é lẹ́yìn yín," wọ́n wí.

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti bí mi. Ẹ wo ọwọ́ mi yìí, igba ọmọ. Ọkùnrin yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sì mọ̀."

Ojú méjìdínlógún wo Láṣèbìkan. Ìyá Akọ̀wé gbé òǹtẹ̀ ìlú, ó lù ú mọ́ ìwé, gbì! Gbàgede hó yèè, Láṣèbìkan sì dojú bolẹ̀, ó ń yin Ọlọ́run.

Ọjọ́ tí wọ́n ń sun iṣu tuntun ní Ìdí-Àràbà ló wọlé dé. Àwọn mọ́kànlá ti jẹun tán, wọ́n ti gbé ẹrù karí. Bámgbàlà ló kọ́kọ́ rí i, ó sì fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀.

"Má wulẹ̀ gbé e sọ̀," Láṣèbìkan wí, ó na ìwé olóǹtẹ̀ sókè. "Ọ̀nà Gbangba ni kí ẹ kọjú sí!"

Àwẹ̀ró gbérin, ó ń jó yí Bámgbàlà ká. "Alágbàro, ṣé o ti gbàgbé okùn í so àbí ti ewúrẹ́ ló kù?"

"Ìyá wa," Bámgbàlà wí, omijé sì wà lójú rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iyán kún àádùn wa."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà tán ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Òfin Gbangba ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí afárá, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn tó ṣe é yóò dúró sí. Láṣèbìkan àti àwọn mọ́kànlá wọ odò dé ìbàdí, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Erin àkọ́kọ́ gun orí rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù iyọ̀. Erin kejì. Ìkẹwàá. Eruku pákó ń dà sí wọn lórí. Bámgbàlà di ojú, ó ń ka erin lábẹ́ ẹ̀mí. Ogójì erin kọjá, igi kan kò dún.

Ọmọ erin kan ló gbẹ̀yìn. Nígbà tó dé àárín, ó dúró. Bóyá orí pákó tuntun ló dùn mọ́ ọn, bóyá ìyá rẹ̀ ló ń pè é tí kò fẹ́ lọ, èmi ò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi gbá afárá, gbì-gbì-gbì! Àwọn iwin tó wà lẹ́bàá odò di orí mú. Afárá náà dúró ṣinṣin, kò mira. Ní abẹ́ rẹ̀, ọkùnrin méjìlá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi fẹ́ gbé wọn lọ.

Ìwọ tí o gbọ́ ìtàn yìí, àti ìwọ tí o kà á, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní í di ohun ìpamọ́. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn pẹ̀lú òótọ́ yóò ṣí fún ọ. Ọlọ́run yóò gbé ẹlẹ́rìí rere dìde fún ọ níbi tí o kò ti retí, ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ ṣe yóò gbé àwọn tó wúwo, yóò gbé àwọn tó fúyẹ́, kò sì ní í dá mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ, fún ilé rẹ, àti fún gbogbo àwọn tó ń ti ọwọ́ rẹ jẹun. Àmín.